Ooru Ló Ń Pa Bátìrì, Ọyẹ́ Ló Ń Sin Ín: Ìtàn Bátìrì Mótò àti Ohun Tó Ń Mú Mótò Àgbà Pẹ́

(Ohùn márùn-ún ni ọ̀rọ̀ yìí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín kò gbé ohùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.)

OHÙN KÌÍNÍ

Mo kí ẹ̀yin tí a jọ wà ní Kánò níbí, mo kí àwọn ará wa ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Màídúgùrì, ní Ṣókótó, títí dé Oníṣà àti Port Harcourt.

Alága ní kí n dá sí ọ̀rọ̀ tó ti ń jà rànyìn láàárín wa láti ọjọ́ Ajé. Ìbéèrè náà lọ báyìí: irú bátìrì kan náà, orúkọ kan náà, wọ́n sì rà á lọ́dún kan náà. Èyí tó wà nínú mótò ẹ̀gbọ́n nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti lé ní ọdún mẹ́rin, ó ṣì ń sítáàtì mótò láàárọ̀. Èyí tó wà nínú bọ́ọ̀sì àbúrò ní Màídúgùrì kò pé ọdún méjì tó fi kú. Àwọn kan ní ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Àwọn kan ní rìwáyà ló bà á jẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kó lọ wádìí ilé bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ilé bàbá sílẹ̀ ná.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ rìwáyà ni mo kọ́ ní Òṣogbo kí n tó gòkè Ọya. Sípéà mótò ni mò ń tà báyìí. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ bátìrì. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹni tó bá mọ bí bátìrì ṣe dé inú mótò, á mọ ohun tó ń pa á.

Ẹni tó bá ra mótò tuntun láti ilé iṣẹ́ nínú wa, kó na ọwọ́ sókè. Mi ò retí ọwọ́ púpọ̀. Mótò àgbà la fi ń kó iṣu, òun la fi ń kó àlùbọ́sà, òun náà la fi ń lọ ìnáwó nílé. Bí ó bá kọ̀ tí kò sítáàtì ní aago mẹ́rin ìdájí, tòmátì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní dúró dè é. Ọ̀rọ̀ bátìrì, ọ̀rọ̀ owó ọjà ni. Bí mo bá sì dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa náà ni.

OHÙN KEJÌ

Nígbà tí mótò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, kò sí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń yí. Ní 1906, ọ̀nà mótò ti wà láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, àwọn òpìtàn sì ń kà á mọ́ ọ̀nà mótò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ wa tó kọ́kọ́ ń kó mótò wọlé tó sì ń tún un ṣe. Mótò ìgbà yẹn, háńdù ni wọ́n fi ń jí i. Wọn á ki irin kan bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, wọn á wá máa yí i tagbáratagbára. Bí ẹ́ńjìnnì bá tapá, irin yẹn á gbá ọwọ́ ẹni tó dì í mú, egungun á sì ṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà rárá.

Ní Amẹ́ríkà náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Byron Carter, òun fúnra rẹ̀ ń ṣe mótò. Ó kú ní 1908. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa ikú rẹ̀ ni pé mótò obìnrin kan kú sójú ọ̀nà, ó ní kí òun bá a yí háńdù, irin náà sì gbá a ní àgbọ̀n, ìyẹn ló di àìsàn tó pa á. Henry Leland, ọ̀gá Cadillac, jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní dandan ni kí wọ́n wá nǹkan tí yóò gba háńdù lọ́wọ́ ènìyàn.

Ẹni tó bá a ṣe é ni Charles Kettering, ará Dayton ní Ohio. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ fetí sí èyí dáadáa: kí Kettering tó fọwọ́ kan mótò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló fi iná mànàmáná sí i, kí ẹni tó ń tajà má baà máa fi ọwọ́ yí i mọ́. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ẹ̀rọ kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá bí kò bá ní pẹ́ lórí ẹ̀. Mótò kò nílò ẹni tí yóò yí ẹ́ńjìnnì fún odindi wákàtí kan. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó. Ní 1911 ó parí iṣẹ́ náà, Cadillac ti 1912 sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ford Model T kò ní in títí di 1919.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò ti gba agbára. Ibẹ̀ ni bátìrì ti wọlé, bátìrì sì dàgbà ju mótò lọ. Ará Faransé kan, Gaston Planté, ló ṣe é ní 1859. Ó mú àwo òjé méjì, ó fi nǹkan là wọ́n láàárín kí wọ́n má baà kanra, ó ká wọn jọ, ó sì rì wọ́n sínú omi ásíìdì tí wọ́n ń fi imí-ọjọ́ ṣe. Ó rí i pé òjé náà ń gba iná, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń dá a padà. Ní 1881, ará Faransé mìíràn, Camille Faure, bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ẹbu òjé tí wọ́n pò bí ẹ̀kọ mọ́ àwo náà, ni bátìrì bá di ohun tó lágbára tó ọjà.

Òjé àti ásíìdì. Ẹ ti gbọ́ o. Òjé tí àwọn àgbà wa mọ̀, tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Láti 1859 títí di òní, òun náà ló wà nínú èyí tí mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ike òde rẹ̀ yí padà, inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

OHÙN KẸTA

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Láti 1912 tí rélùwéè ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò, ojú irin ló gbé ọ̀pọ̀ bàbá wa dé Sabon Gari. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin. Bọ́lẹ́kájà, ẹ rántí: Bedford, Austin, tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀. Lọ́rì wọ̀nyẹn ní bátìrì, ṣùgbọ́n ihò háńdù ṣì wà níwájú wọn. Bí bátìrì bá kú, mọ́tò-bọ́ì á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irin rẹ̀. Bátìrì jẹ́ ìrọ̀rùn nígbà náà. Kò tíì di ẹ̀mí mótò.

Bátìrì ìgbà yẹn gan-an ṣeé tún ṣe. Àpótí rẹ̀ dúdú, ó le, ọ̀dà ni wọ́n fi dé orí rẹ̀. Inú bátìrì fólítì méjìlá, yàrá mẹ́fà ló wà, yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú fólítì méjì àti díẹ̀ wá. Bí yàrá kan bá kú, ọ̀gá á yọ́ ọ̀dà, á fa àwo òjé inú rẹ̀ yọ, á fi òmíràn rọ́pò, á tún fi ọ̀dà dé e. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ nìyẹn. A máa ń to bátìrì sílẹ̀ lálẹ́, a ó fi wáyà so wọ́n mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, a ó máa cháájì wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ di àárọ̀. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé bátìrì dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, tí a kì í ki òkèlè bọ̀ lẹ́nu.

Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ṣí ní Kàdúná, ti Volkswagen sì ṣí ní Èkó lọ́dún kan náà. 504 ló wá gba gbogbo ọ̀nà. Ilẹ̀ Faransé pàápàá dáwọ́ ṣíṣe 504 oníjòkòó dúró ní 1983, ṣùgbọ́n ó lé ní ogún ọdún tí Kàdúná fi ń tò ó. Kí ló mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń tún un ṣe kò nílò kọ̀ǹpútà. Kàbúrétọ̀ ló ń bu epo sí i, páńpù epo rẹ̀ kò gba iná, pọ́ìntì àti kọ́ìlì ló ń tan iná rẹ̀, jíà rẹ̀ sì jẹ́ oníkúlọ́ọ̀ṣì. Bí bátìrì bá kú, ẹ ó pe ọkùnrin mẹ́rin: "Ẹ bá wa tì í o!" Dírẹ́bà á fi sí jíà kejì, á tẹ kúlọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Bí mótò bá ti ń sáré, á tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì á jí. Gbogbo wa la ti tì í rí, pẹ̀lú agbádá ìnáwó lọ́rùn.

Nígbà tó di 1986, ètò SAP dé. Ní 1985, náírà kan kò kéré sí dọ́là kan. Nígbà tó fi di 1990, ó ti tó náírà mẹ́jọ kí èèyàn tó rí dọ́là kan rà, ní 1993 ó ti lé ní ogún. Mótò tuntun bọ́ lọ́wọ́ tíṣà, ó bọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré. Tòkunbọ̀ gba ilẹ̀. Àwọn kan rí èrè níbẹ̀ o: Cletus Ibeto ní Nnewi, tó jẹ́ oníṣòwò sípéà bí tèmi, ìgbà yẹn gan-an ló fi ọjà gbígbé wọlé sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bátìrì fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ dénú ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí tòkunbọ̀ bá wọlé ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Mótò tí ń bọ̀ láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìhò háńdù kò sí lára rẹ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú wọn, jíà wọn ń yí fúnra rẹ̀, wọn kò ṣeé tì jí. Páńpù epo wọn, iná ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọpọlọ wọn, kọ̀ǹpútà ni, bí fólítì bá sì ti lọ sílẹ̀ jù, ọpọlọ náà á dákẹ́ tàbí kó máa sọ ìsọkúsọ. Háńdù ti lọ, títì ti lọ, bátìrì nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí dírẹ́bà 504 fi lè fojú di bátìrì kó sì dé ilé, tí onímótò òde òní kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mótò yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò yí bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ padà.

OHÙN KẸRIN

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè Màídúgùrì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òtútù ló ń pa bátìrì, nítorí àárọ̀ ọyẹ́ ló máa ń kọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ló ń pa á. Ooru máa ń mú kí omi inú rẹ̀ gbẹ, ó sì máa ń mú kí irin tó gbé ẹbu òjé dúró jẹra kíákíá. Àwọn tó ń ṣe bátìrì ní ìṣirò kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé: bí ooru tí bátìrì ń gbé nínú rẹ̀ bá fi dígírì mẹ́wàá ju 25 lọ, ẹ̀mí rẹ̀ á dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Màídúgùrì ní oṣù kẹrin, ó máa ń kọjá 40 lábẹ́ ìbòji. Ẹ wá wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ògbómọ̀ṣọ́ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bátìrì àbúrò wa lè jẹ́ ojúlówó kó sì lo ìdajì ọjọ́ orí ti ẹ̀gbọ́n.

Kí ló wá dé tí ó fi ń kú ní oṣù Kejìlá? Ooru oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ti jẹ inú rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n nígbà ooru, ẹ́ńjìnnì máa ń jí ní wẹ́rẹ́, àìlera bátìrì kò hàn. Tí ọyẹ́ bá dé, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì á ki, yíyí rẹ̀ á le, agbára bátìrì fúnra rẹ̀ á sì rẹlẹ̀ nínú òtútù. Àárọ̀ ọjọ́ kan, kò gbé e mọ́. Ooru ló pa á, ọyẹ́ ló sin ín. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ bátìrì yín wò, ìparí ìgbà ooru ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má dúró de àárọ̀ ọyẹ́.

Ohun kan tún wà. Bátìrì tòkunbọ̀ tó ti Yúróòpù bá mótò wá, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Ásíìdì inú irú rẹ̀ máa ń wúwo, nǹkan bí 1.280 lórí hydrometer. Èyí tí wọ́n bá ṣe fún ilẹ̀ olóoru, wọ́n máa ń dín in kù sí nǹkan bí 1.240, kí ásíìdì má baà jẹ òjé yára. Ẹ fi béèrè nígbà tí ẹ bá ń rà á, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nítorí bátìrì tó ti wà lórí pẹpẹ fún ọdún kan láìcháájì ti lo lára ẹ̀mí rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Mo máa kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, mítà. Mítà kékeré kò wọ́n tó bátìrì. Ẹ jẹ́ kí mótò sinmi di àárọ̀, ẹ wọn bátìrì kí ẹ tó sítáàtì. 12.6 túmọ̀ sí pé ó yó. 12.4, ó ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.0, ebi ti ń pa á gan-an. Ẹ wá sítáàtì, ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i: láàárín 13.8 sí 14.4, alternator ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí kò bá tó 13.5, bátìrì kọ́ ló ń ṣe yín, alternator tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni. Bí ó bá kọjá 15, ó ń se omi bátìrì ni. Mélòó nínú wa ló ti ra bátìrì tuntun nígbà tó jẹ́ pé alternator ló yẹ ká tún ṣe?

Ìkejì, omi. Bátìrì tó bá ní ìdérí tó ṣeé ṣí, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù nígbà ooru. Omi gbọ́dọ̀ bo àwo òjé. Omi bátìrì inú ìgò ni kí ẹ fi kún un, èyí tí kò ní ásíìdì. Ásíìdì kì í gbẹ, omi ló ń gbẹ. Ẹni tó bá ń bu ásíìdì kún un ń fi kún ìyà rẹ̀ ni. Píọ́ wọ́tà inú ọ̀rá náà kọ́, ó mọ́ fún ẹnu, kò mọ́ fún bátìrì.

Ìkẹta, orí bátìrì. Ìdọ̀tí funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó ń hù níbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ pa mótò, ẹ kọ́kọ́ tú wáyà òdì, ìyẹn èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ ìlà kan. Ẹ pò kán-ún díẹ̀ mọ́ omi, kán-ún kan náà tí ń bọ̀ láti Bọ̀rnó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, á hó, ásíìdì á kú. Ẹ má jẹ́ kó wọ inú bátìrì o. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ so ó padà, wáyà òdì ni kẹ́yìn, ẹ fi gíríìsì pa á lórí.

Ìkẹrin, ẹ dè é mọ́lẹ̀ kó dúró gbọin. Ọ̀nà wa kò dára. Bátìrì tó ń fò sókè sódò, ẹbu òjé inú rẹ̀ máa ń já bọ́.

Ìkarùn-ún, ẹ má fi ebi sílẹ̀ lára rẹ̀. Bátìrì tó bá wà láìyó fún ìgbà pípẹ́, nǹkan funfun líle máa ń bo òjé inú rẹ̀, kì í sì í fẹ́ kúrò mọ́. Ẹ rántí oṣù kẹrin 2020, nígbà tí wọ́n ti Kánò pa nítorí kòrónà. Mótò dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ìlà àwọn tó ń wá bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù mi gùn. Bí ẹ bá ń lọ sílé fún oṣù kan, ẹ tú wáyà òdì sílẹ̀. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ gbé mótò rìn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Kí ẹ sítáàtì kí ẹ sì pa á kíá kò dá padà ohun tí ẹ ná.

Ẹ má mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì tó ń cháájì. Atẹ́gùn tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń gbiná, ó sì lè fọ́ bátìrì sójú èèyàn.

OHÙN KÁRÙN-ÚN

Bátìrì kú tán, níbo ló ń lọ? Èyí ló jẹ mí lógún jù.

Nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìwúwo bátìrì, òjé ni. Òjé kì í kú. Wọ́n lè yọ́ ọ, kí wọ́n fi ṣe bátìrì mìíràn, kí wọ́n tún yọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí òjé tó wà nínú mótò yín lónìí ti ṣiṣẹ́ rí nínú 504. Ìdí nìyẹn tí àwọn baban bola fi ń wọ àdúgbò wá ra bátìrì tó ti kú. Òwò tó dára ni, kò sí àléébù nínú pé kí òjé padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ló ń pa èèyàn.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ará àdúgbò ń fọ́ bátìrì, wọ́n ń yọ òjé rẹ̀ ní ìta gbangba. Láàárín ìparí 2007 sí oṣù kẹta 2008, ọmọ kéékèèké 18 kú níbẹ̀. Nílé wa níbí, ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé ní Zamfara pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ti Zamfara kì í ṣe bátìrì, ṣùgbọ́n májèlé kan náà ni. Ní 2025, ìròyìn jáde láti Ogijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì àlòkù, pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ wò, wọ́n sì rí òjé nínú rẹ̀, tọmọdé tàgbà.

Òjé nínú ara ọmọdé kì í pariwo. Ó máa ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè rò pé ọmọ náà kàn ya olódo níléèwé ni. Èéfín rẹ̀ àti ẹbu rẹ̀ ló burú jù, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́ dé ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fọ́ bátìrì nínú agboolé, ẹ má da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà, ẹ má yọ́ òjé lórí àdògán. Odindi ni kí ẹ tà á. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ gbé àlòkù dání, ẹni tó ń tà á á yọ owó rẹ̀ kúrò lórí tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ rìwáyà, ẹ sọ fún ọ̀gá wọn pé kí ọmọ fọ ọwọ́ kó tó jẹun, kó sì pààrọ̀ aṣọ kó tó wọlé gbé àbúrò rẹ̀. Owó kékeré lèyí máa ná wa.

Láti oṣù kẹfà 2023 tí náírà tún ti já bọ́, mótò àgbà kò ní kúrò lọ́wọ́ wa láìpẹ́. Kò burú. Àwọn bàbá wa fi lọ́rì pákó sọdá Ọya, wọ́n kọ́lé, wọ́n rán ọmọ níléèwé. Lọ́rì wọn kò lágbára ju tiwa lọ. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kó tó gbéra ló mú un pẹ́.

Àbúrò wa ní Màídúgùrì, lọ ra mítà, wọn alternator rẹ kí o tó náwó sí bátìrì mìíràn, kí o sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ síbí ká jọ wò ó. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀, màá dáhùn lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù.

Ajé á wọ igbá wa o. Ẹ kú ọjà.